Ẹ̀yìn Bíríkì

Ìgbà kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ kan
tí kẹ̀kẹ́ tí Màmá ń dì mú rìn kọsẹ̀ níwájú ilé.
Kò ṣubú. Ó kàn dúró, ó ń wo ilẹ̀
bí ẹni tí ọmọ kékeré fèsì sí.
"Hilje," ló wí, "ilẹ̀ yìí ti ń darúgbó jù mí lọ."

Bàbá ló tẹ́ ẹ lọ́dún tí wọ́n bí mi:
bíríkì pupa, ọ̀kan fi ìgbọ̀nwọ́ ti èkejì,
láti etí odò àgbẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà.
Ọdún méjìlélógójì.
Òjò Groningen kì í rọ̀ bí ẹni ń jà;
a máa rọ̀ díẹ̀, a máa rọ̀ pẹ́,
títí ohun gbogbo yóò fi gbà fún un.
Bíríkì dúdú, ó tún wá di àwọ̀ ewé,
ebu tútù hù sí i bí irun etí àgbàlagbà.
Èèrà ń kó yanrìn abẹ́ rẹ̀ jáde ní hóró-hóró.
Ibi tó rì bí àwo ni omi ń dúró sí,
ológbò aládùúgbò ní ń mu ún.

Mo yá ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi lọ́wọ́ Eppo.
Ó ní, "Má fẹnu rẹ̀ sún mọ́ ọn jù,
omi tó bá ń bínú a máa bó ojú bíríkì."
N kò gbọ́.
Ìlà méjì gbọgbẹ́ kí n tó mọ̀,
yanrìn fò, ó lẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó lẹ̀ mọ́ eyín mi.
Mo pa ẹ̀rọ. Mo kúnlẹ̀.
Ọ̀bẹ ìdáná tí kò mú mọ́, búrọ́ọ̀ṣì onírin,
kẹ́tùlù omi gbígbóná, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan.
Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí bíríkì kan
tí orúnkún mi kò lè pè lórúkọ.

Lọ́jọ́ kejì ni Eppo dé tòun ti òòlù rọ́bà.
Ó wo iṣẹ́ mi, ó wo ìka mi.
"Kí lo tún ń fọ̀ ọ́ sí? Yí i padà."
Ó ki ọ̀bẹ bọ àlàfo, ó tu ọ̀kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.
Háà! Pupa.
Pupa bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń ti orí yìnyín bọ̀.
Ẹ̀yìn tí ẹsẹ̀ kankan kò tẹ̀ rí,
tí kò mọ oòrùn,
tí kò tíì gbọ́ pé Bàbá kú.

A ń tu, a ń fa gbòǹgbò yọ,
a da yanrìn tuntun, a fi pákó títọ́ fà á kó tẹ́jú,
a yí, a tò, òòlù ń dún gbì, gbì,
Eppo ń kọrin kan tó mọ ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ó ku bíríkì kan lẹ́nu ọ̀nà.
Mo gbé e, ọwọ́ mi kan ohun họ́họ́.
Ẹnì kan ti fi ìṣó họ ìṣirò sí i lẹ́yìn:
ọgọ́rùn-ún; yọ ọgbọ̀n; yọ ogójì;
yọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ku mẹ́rin.
Ó fa ìlà sí mẹ́rin náà nídìí, lẹ́ẹ̀mejì.
Eppo wò ó pẹ́.
"Gúlídà ni," ló wí. "Bàbá mi ló ta bíríkì fún un.
Àpò pòtétò kan ló fi dí mẹ́rin yẹn.
Pòtétò ọ̀hún ti hù. Bàbá mi ṣàròyé rẹ̀ wọ ibojì."

Mo rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín.
Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tutù.
"Wubbo sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún òun."
Ó mu tíì. Ó ronú.
"Ẹ dá a padà bó ṣe wà. Ojú rẹ̀ ni kó wà lókè."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é.
Gbogbo iwájú ilé ń pọ́n, àfi ẹyọ kan,
dúdú, bí eyín tó ṣófo lẹ́nu ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.
Láràárọ̀, kẹ̀kẹ́ Màmá a yí geere,
a dé orí ìyẹn, a dúró.